Adájọ́ Àwo Àlòkù

Bí inú ẹ bá ń dùn jù, tó o wá ń wá ohun tí yóò máa bí ẹ nínú láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀, lọ máa ta àwo orin àlòkù. Ọkùnrin tí à ń sọ̀rọ̀ ẹ̀ yìí ti ń tà á láti ìgbà tí irun orí ẹ̀ ṣì dúdú, inú ò sì yéé bí i. Yàrá iwájú ilé ẹ̀, èyí tó kọjú sí títì, ló sọ di ṣọ́ọ̀bù. Àpótí pákó kún ibẹ̀ dé ojú fèrèsé, àwọn àwo sì wà lóòró nínú wọn, torí àwo tí wọ́n bá tò léra wọn gbalaja á wọ́. Adájọ́ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí kò sí àwo tó wọlé ẹ̀ tí kì í gba ìdájọ́.

Orin pọ́ńkì nìkan ló ń tà. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, kó fojú inú wo àwọn ọ̀dọ́ bíi mélòó kan tí orí wọn gbóná, tí wọ́n gbé gìtá àti ìlù sínú gáréèjì ilé wọn, tí wọ́n ń pariwo mọ́ ìjọba, mọ́ ọ̀gá ibiṣẹ́, mọ́ bàbá tó bí wọn, tí orin á sì ti tán kí èèyàn tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi ń lẹ páálí àwo wọn, ó sì máa ń rí wọ́gọwọ̀gọ. Adájọ́ fẹ́ràn ẹ̀ láti kékeré. Ìyàwó ẹ̀, tó ń ránṣọ ní yàrá ẹ̀yìn, ní kì í ṣe orin, ariwo àwọn ọmọ tí wọn ò nà tó ni.

Àwọn tó ń gbé àwo wá tà ló kọ́kọ́ ń dá Adájọ́ lágara. Gbogbo wọn ló ń búra pé àwọn ò lò ó rí. Ẹ ò lò ó rí, ọwọ́ ọlọ́ràá ta ló wá wà lójú ẹ̀ yìí? Ọ̀kan gbé àwo wá tí ìdí ife tíì ti ya òbìrí sí lára, ó ní bí wọ́n ṣe ṣe é látilẹ̀ nìyẹn. Òmíràn fi ọṣẹ àti kànrìnkàn onírin fọ tiẹ̀ kó lè dán. Ó dán lóòótọ́, orin inú ẹ̀ ló bá omi lọ. Adájọ́ á kàn mí kanlẹ̀, á ní kí wọ́n máa gbé e lọ.

Ìdájọ́ ẹ̀ létò. Á fi ọwọ́ méjèèjì di àwo mú ní bèbè, kí ìka má kan ojú ẹ̀, á gbé e sábẹ́ iná tábìlì, á máa dà á sọ́tùn-ún sósì títí ìmọ́lẹ̀ á fi tú àṣírí gbogbo ibi tó ti ha. Á fi èékánná ra ibẹ̀. Bí èékánná bá kọ́, abẹ́rẹ́ giramafóònù náà á kọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ló wá kan etí. Ariwo pọ́ńkì sì nìyí, ó lè bo ohunkóhun mọ́lẹ̀: èyí tó ti bàjẹ́ àtèyí tó dára, bákan náà ni wọ́n ń ké. Torí náà, kì í ṣe orin ni Adájọ́ ń gbọ́. Àlàfo tó wà láàárín orin kan sí èkejì ló ń gbọ́, níbi tí abẹ́rẹ́ ti ń rìn lọ tí ẹnikẹ́ni ò kọrin. Bí ibẹ̀ bá ń ta pàrà pàrà, àwo jẹ̀bi. Kò sì ní dájọ́ láìyí i padà gbọ́ ẹ̀yìn ẹ̀, á ní agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni. Tó bá parí, á kọ ìdájọ́ sórí bébà pélébé, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọ̀rá tó fi wé àwo: “Bíi Tuntun”, “Ó Dára”, “Ó Ṣì Ń Kọ”, tàbí “Má Rà Á”.

Nígbà tó yá, ọkùnrin kan tó ń kó àwo jọ lọ́nà jíjìn kọ̀wé pé òun fẹ́ odindi àpótí kan, “Bíi Tuntun” nìkan. Ó ní òun ò nílò kóun kọ́kọ́ gbọ́ wọn, òun ti gbọ́ pé bébà Adájọ́ kì í purọ́. Inú Adájọ́ dùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó ṣa àwọn àwo náà, ó gbọ́ wọn tojú tẹ̀yìn, ó kó wọn sí àpótí, ó lẹ̀ ẹ́ pa. Ẹni tó máa gbé e ń bọ̀ lọ́jọ́ kejì. Bí gbogbo ẹ̀ bá lọ dáadáa, orúkọ Adájọ́ á kàn. Bí ọ̀kan péré bá ta pàrà nínú wọn, orúkọ tó ti ń kọ́ látìgbà èwe wó nìyẹn.

Ṣùgbọ́n lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, àwọn èèyàn ti ń dá àwo padà. Onífọ́tò kan ní tòun ń ta pàrà pàrà, Adájọ́ ní kó lọ pààrọ̀ abẹ́rẹ́ ẹ̀. Obìnrin oníṣègùn eyín dá tiẹ̀ padà, Adájọ́ ní eruku ilé ẹ̀ ni. Ó ráhùn fún ìyàwó ẹ̀ pé ayé ti bàjẹ́, pé àwọn èèyàn á gbọ́ orin tẹ́rùn tán, wọ́n á wá purọ́ mọ́ àwo. Ìyàwó ẹ̀ náà ń ráhùn tiẹ̀ lọ́tọ̀: kẹ́tùlù ń súfèé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ ẹ̀ títí tó fi hó gbẹ, kò mira. Adájọ́ ní ta ló fẹ́ gbọ́ kẹ́tùlù nínú ilé tí ẹ̀rọ ìránṣọ ti ń dún bíi rélùwéè?

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó lẹ àpótí pa ni awakọ̀ bọ́ọ̀sì dé. Oníbàárà àtayébáyé ni, èèyàn jẹ́jẹ́, kì í ná ọjà. Nígbà tí Adájọ́ rí àwo lábíyá ẹ̀, orí ẹ̀ gbóná. Awakọ̀ ti ń tọrọ àforíjì kó tó dẹ́nu lé ọ̀rọ̀, ó ní bóyá òun lòun ò gbọ́ dáadáa, ṣùgbọ́n ó jọ pé àwo yìí ń ta. Adájọ́ já a gbà, ó gbé e sórí giramafóònù, ó yí ohùn sókè. Orin pariwo, ó tán. Àlàfo dé.

“Níbo ló ti ń ta?”

Awakọ̀ wò ó, ó wo sípíkà, ó tún wò ó. “Ó ń ta lọ́wọ́ báyìí, Adájọ́.”

Adájọ́ tẹ́tí. Ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́ létí ẹ̀. Inú wá bí i gan-an: kí èèyàn jẹ́jẹ́ yìí náà wá di òpùrọ́! Ó ké sí ìyàwó ẹ̀. Ó ní ẹni tó kórìíra orin yìí ni kó wá jẹ́rìí, torí kò ní gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni.

Ìyàwó jáde tòun ti téèpù tó fi ń wọn aṣọ lọ́rùn, ojú ẹ̀ le, apá aṣọ kan ló ń rán lọ́wọ́ tí wọ́n fi pè é. Adájọ́ gbé abẹ́rẹ́ padà sí àlàfo.

“Ó ń ta bí òróró gbígbóná,” ni obìnrin náà wí, ó sì yíjú láti padà sídìí iṣẹ́ ẹ̀. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó bojú wẹ̀yìn, tó rí bí ojú ọkọ ẹ̀ ṣe rí. “Bàbá wọn, ẹ ò gbọ́ ọ ni?”

Awakọ̀ ní ọ̀rọ̀ ò tó bẹ́ẹ̀, òun á máa gbọ́ ọ bó ṣe wà, ó mú àwo ẹ̀, ó rọra jáde. Ìyẹn gan-an ló dun Adájọ́ wọra. Ká ní ọkùnrin yẹn bínú ni, wọn ì bá jọ tahùn síra wọn kó tán síbẹ̀. Àánú Adájọ́ ló ṣe é. Ojú ti Adájọ́, ẹ̀rù sì bà á, ó wá jókòó, ó ń wo àpótí tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Etí wo ló fi gbọ́ àwọn tó wà nínú ìyẹn? Etí kan náà ni. Ó rò ó pé kóun jẹ́ kó máa lọ, ṣebí ẹni tó rà á jìnnà. Ẹ má sọ fún mi pé ẹ̀yin ò ní rò ó.

Ilẹ̀ mọ́, ẹni tó fẹ́ gbé àpótí dé, Adájọ́ ní kó ṣì padà lọ. Ó fi ọ̀bẹ la àpótí. Ó wá lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá ẹ̀yìn títí ẹ̀rọ ìránṣọ fi dúró.

“Mi ò gbọ́ nǹkan tín-ín-tìn-ìn-tín mọ́,” ó ní. “Wá bá mi gbọ́ wọn.”

Ọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́nu obìnrin náà, ti kẹ́tùlù nìkan tó ìwàásù. Ó gbé gbogbo ẹ̀ mì, ó gbé àga ẹ̀, ó tẹ̀ lé e.

Ẹ wá wo ìyà. Bí orin bá ń lọ, obìnrin náà á fi ọwọ́ méjèèjì di etí, á máa gégùn-ún fáwọn ọmọ gáréèjì yẹn. Bí Adájọ́ bá nàka sókè pé àlàfo dé, á ṣí i. Ó ń ta. Adájọ́ á ya “Bíi Tuntun” kúrò, á kọ “Ó Dára”. Èyí náà ń ta. Inú ń bí i sí àwo, inú ń bí i sí ara ẹ̀, inú ń bí i sí ìyàwó tí kò tiẹ̀ kọ́kọ́ ní kó pẹ̀lẹ́ kó tó sọ ọ́. Bébà yíya kún ilẹ̀ níbi ẹsẹ̀ wọn.

Wọ́n wá kan ọ̀kan tí Adájọ́ fẹ́ràn ju gbogbo wọn lọ. Orin tán, ìka ẹ̀ lọ sókè. Ìyàwó tẹ́tí, ó sún mọ́ sípíkà, ó tún tẹ́tí.

“Kò ta rárá.”

“Ṣé ó dá ẹ lójú?”

“Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń pariwo lé mi lórí látọjọ́ tí mo ti wọlé yín, ṣé mi ò wá ní mọ ìgbà tó bá dákẹ́ ni?”

Ẹ̀rín fẹ́ pa Adájọ́, omi sì lé ròrò sójú ẹ̀. Ó yára mú ọ̀rá tí “Bíi Tuntun” wà lára ẹ̀, kó dá àwo náà padà sínú ẹ̀. Ìyàwó ẹ̀ gbá ọwọ́ ẹ̀ mú.

“Ẹ yí i padà ná. Agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá ńkọ́?”

Adájọ́ yí àwo padà. Ìyàwó ẹ̀ di etí, ó ń retí kí orin tán.