Ọta Tí Mo Fọwọ́ Wọ̀n

Bátìrì ọkọ̀ ni bàbá mi ń ṣáàjì ní Muṣin, ṣùgbọ́n ìdílé ọdẹ ni wọ́n bí i sí, ní abúlé kan lẹ́bàá Ògbómọ̀ṣọ́. Tí ọyẹ́ bá ti fẹ́ dé, á yọ́ òjé inú bátìrì tó ti kú, á fi rọ ọta ìbọn róbótó-róbótó, á dà wọ́n sínú agolo mílíìkì, á wá pè mí.

Iṣẹ́ tèmi ni ṣíṣà. Ọta tí afẹ́fẹ́ bá há sí nínú kì í lọ tààrà, ojú ò sì lè rí i. Ọwọ́ ló ń mọ̀ ọ́n. Á ní kí n dijú, á gbé ẹyọ kan sí àtẹ́lẹwọ́ mi ọ̀tún, ẹyọ kan sí ti òsì. Èyí tó bá fúyẹ́, ó di inú iná padà nìyẹn. Tá a bá parí, á ní kí n fọṣẹ fọwọ́ dáadáa kí n tó fọwọ́ kan oúnjẹ, pé májèlé ni òjé.

Ohun tó ń dùn mí ni pé mi ò bá a lọ dán wọn wò rí. Abúlé ló ti ń yìn wọ́n, sára ọ̀gán gíga kan lẹ́yìn oko. Tó bá dé, á mú èyí tó gbẹ́ jáde lára ọ̀gán fún mi, tó ti pẹlẹbẹ bíi bọ́tìnnì. Á ní, "Ọwọ́ rẹ rèé." Mo máa ń bẹ̀ ẹ́ pé kó mú mi lọ. Ó di ọdún tó ń bọ̀, ló máa ń wí. Ọdún tó ń bọ̀ di ọdún tí mo ṣe wáẹ̀ẹ̀kì, ó di ọdún tí mo lọ́kọ. Bàbá mi palẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mọ́, ó padà sílé.

Lóṣù tó kọjá, àbúrò rẹ̀ wá ra aṣọ ní Tejúoṣó, ó sì gbé agolo yẹn bọ̀ wá fún mi. Ó ní ojú bàbá mi ti ń ṣú, màámi sì ti ní kó gbé ìbọn sílẹ̀. Wọ́n wá fẹnu kò pé kó yin ọta kan ṣoṣo. Tó bá ba ọ̀gán, á lọ sígbó lọ́yẹ́ yìí. Tó bá tàsé, ìbọn di ti àbúrò rẹ̀. Bàbá mi ní èyí tí ọwọ́ mi bá wọ̀n lòun máa yìn.

Mo bi í pé ṣé kò sọ́mọ tó lè ṣà á nílé ni.

"Wọ́n pọ̀," ó ní. "Bàbá rẹ ní ọwọ́ wọn ń sáré."

Mo gbé ọmọ mi fún obìnrin yàrá kejì, mo lọ jókòó sẹ́yìnkùlé, mo dijú. Ọwọ́ mi ò kọ́kọ́ mọ nǹkan kan. Ọwọ́ tó ń fọ ìlédìí, tó ń po ògì. Nígbà tó yá, ó rántí. Àfi bíi pé òórùn ásíìdì ṣọ́ọ̀bù yẹn dé imú mi. Mo mú ẹyọ kan, mo dì í sétí háńkáṣíìfù fún àbúrò bàbá mi, ó fi agolo àti ìyókù sílẹ̀ fún mi. Mo fọwọ́, mo tún un fọ̀, kí n tó gba ọmọ mi.

Ní àárọ̀ tí wọ́n fẹ́ yìn ín, àbúrò bàbá mi pè mí, ó gbé fóònù sórí kùkùté kí n lè gbọ́. Ìbọn dún gbòà. Ọmọ mi ta gìrì, ó ń sunkún. Bàbá mi gba fóònù.

"Ìyá mi, kí lo gbọ́?"

"Mo gbọ́ ìbọn, sà."

"Lẹ́yìn ìbọn ńkọ́? Ọ̀gán máa ń dáhùn."

Ó ṣe mí bíi kí n sọ pé ó dáhùn.

"Mi ò gbọ́ nǹkan míì, bàbá mi."

"Èmi náà ò gbọ́ ọ."

Mo gbọ́ tí àbúrò rẹ̀ ń sọ pé atẹ́gùn ni. Bàbá mi ní kó má rẹ òun lẹ́kún. Mo ní bóyá ọwọ́ mi ló ṣì í mú.

"Ọta ò jẹ̀bi," ó ní. "Ibi tí mo kọjú ẹ̀ sí ló lọ."

Ó wá ní ọ̀gán ṣì wà níbẹ̀, kí n gbé ọmọ wá. Àbúrò òun á yin ọta kan, èmi àtòun á jọ dijú, a ó sì máa tẹ́tí bóyá ó bà á.

Ọyẹ́ ti ń fẹ́ díẹ̀díẹ̀ ní Muṣin. Agolo yẹn wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù, níbi tí ọwọ́ ọmọ mi ò lè tó. Mo ti ṣà wọ́n tán.