"Loro" Kan Ṣoṣo ní Padova

Yàrá tí wọ́n pè wá sí ní Padova ń rùn kọfí tó ti tutù àti ìda tí wọ́n fi ń dán ilẹ̀. Abẹ́ àga àwọn òǹwòran ní pápá ìṣeré ló wà. Ife ẹ̀yẹ kún inú àpótí onígíláàsì lára ògiri, eruku sì ti bo ìdajì wọn. Fọ́tò àwọn ọkùnrin onírùngbọ̀n tó ti kú tipẹ́ tò gbọọrọ lókè wọn. Ọ̀rẹ́ mi, mo ti rí ẹni tó fi owó yangàn, mo ti rí ẹni tó fi ọmọ yangàn, ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ rí àwọn tó ń fi eruku yangàn.

Ẹgbẹ́ eré ìdárayá àwọn yunifásítì ìhà àríwá Italy ni wọ́n. Torino wà níbẹ̀, Bologna wà níbẹ̀, Udine náà, àti Padova fúnra rẹ̀. Kí a tó bí bàbá mi ni wọ́n ti dá a sílẹ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ ìlú kan lè bá ti ìlú kejì sáré, kí wọ́n sì di ojúlùmọ̀. Ohun dáadáa ni. Ṣùgbọ́n ilé tí a kọ́ fún ọmọdé, tí àwọn àgbà bá ti sọ ọ́ di ibi ìjókòó wọn, ọmọdé a di àlejò níbẹ̀. Nígbà tí ọmọ mi obìnrin fi máa débẹ̀, iṣẹ́ tó kù fún ẹgbẹ́ náà kò ju kí ọkùnrin mẹ́fà gbé káàdì kọ́ ọrùn, kí wọ́n jọ jẹun ọ̀sán, kí wọ́n sì máa sọ pé "tradizione, tradizione," àṣà àtijọ́ ni. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó lè sáré bá bọ́ọ̀sì.

Irinwó mítà ni ọmọ mi ń sá fún yunifásítì rẹ̀ ní Torino, ọdún yẹn ló sì kọ́kọ́ dé àṣekágbá ìdíje ẹgbẹ́ náà. Olùkọ́ kan wà fún wọn níbẹ̀, ṣùgbọ́n àgbà obìnrin kan nínú ìjọ wa ló sọ ẹsẹ̀ rẹ̀ di ẹsẹ̀. Wọ́n ti ṣe tíṣà eré ìdárayá nílé-ìwé àwọn ọmọbìnrin nílé, kí wọ́n tó wá ṣe badante ní Torino, tí wọ́n ń tọ́jú àwọn arúgbó. Màmá tíṣà ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Láràárọ̀ Sátidé, wọ́n á so ìró mọ́ orí ṣòkòtò, wọ́n á gbé fèrè sẹ́nu ní etí odò Po.

"Gbé orúnkún sókè. Ṣé ẹsẹ̀ rẹ nìyẹn àbí o yá a ni?"

"Sono stanca," ọmọ mi á ní ó ti rẹ òun.

"Stanca ò tíì pa ẹnikẹ́ni. Ó yá."

Nígbà tí àṣekágbá ku ọ̀sẹ̀ méjì, modulo kan, fọ́ọ̀mù ìbéèrè, dé láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́: ta ló ń kọ́ ọmọ yín lẹ́yìn òde yunifásítì? Èmi ni mo kọ ìdáhùn sí i. Ọwọ́ mi kọ̀ láti pe irú àgbà bẹ́ẹ̀ ní "ó" bí ẹni pé ẹgbẹ́ mi ni wọ́n. Mo kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bó ṣe wà lọ́kàn mi: "Loro la allenano ogni sabato." Wọ́n ń kọ́ ọ ní gbogbo Sátidé. Mo gbàgbé pé nínú èdè tiwọn, ọ̀pọ̀ èèyàn ni loro, kì í ṣe àgbà kan. Òfin ẹgbẹ́ sì ni pé ẹni tó bá wà lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ eléré mìíràn kò lè sáré fún yunifásítì. Wọ́n ka loro mi, wọ́n ní a fi odidi ẹgbẹ́ eléré kan pamọ́ sétí odò. Wọ́n ní ká wá ṣàlàyé ní Padova láàárọ̀ ọjọ́ ìdíje gan-an.

Bí àwa mẹ́ta ṣe dé yàrá eruku nìyẹn. Ààrẹ wọn gbé modulo náà sókè bí aṣọ tí ọmọdé tọ̀ sí.

"Mélòó ni àwọn loro yìí?"

"Ẹnì kan ni. Àwọn tó jókòó yìí ni."

Ó wo màmá tíṣà, ó wo ẹnu ọ̀nà bóyá àwọn yòókù ṣì ń bọ̀. Mo ṣàlàyé pé nílé wa a kì í pe àgbà ní ẹyọ kan. Ó rẹ́rìn-ín, àwọn márùn-ún yòókù sì bá a rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n tẹ bọ́tìnì rẹ̀. Ó ní, "Nítorí náà, signora yìí pọ̀?"

Mo dá a lóhùn pé láti àárọ̀ ni mo ti ń pè é ní Lei, "ẹ" tí wọ́n fi ń bọ̀wọ̀ fúnni ní èdè tiwọn, pé "obìnrin yẹn" náà ni Lei túmọ̀ sí, bẹ́ẹ̀ ni n kò wá obìnrin kankan lábẹ́ irùngbọ̀n rẹ̀. Ẹ̀rín gbẹ. O ó ti kíyè sí i pé "ó" ni mò ń pe ààrẹ yìí fún ọ. Mo mọ ohun tí mò ń ṣe.

Wọ́n forí korí. Ó ní ohun tí a bá ti kọ, a ti kọ ọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀nà àbáyọ kan wà: kí ọmọ náà fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé nessuno, pé kò sí ẹnikẹ́ni tó kọ́ òun, yóò sì sáré lọ́sàn-án yẹn. Ó ti ìwé àti bírò sí i níwájú.

"Kọ ọ́, ọmọ mi," màmá tíṣà wí. "Ẹsẹ̀ la fi ń sáré, kì í ṣe bírò."

Èmi náà mi orí sí i pé kó kọ ọ́. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí.

Láti kékeré ni ọmọ yẹn ti ń fi Italian dá mi lóhùn. Bí ó bá tiẹ̀ sọ Yorùbá, "ìwọ" ló ń pe gbogbo ayé. Ó gbé bírò, ó kọ̀wé, ó yí i sí ààrẹ: "Loro mi allenano. Una sola." Wọ́n ń kọ́ mi. Ẹnì kan ṣoṣo. Ó dìde, ó gbé báàgì bàtà rẹ̀, ó jáde.

A jókòó láàárín àwọn òǹwòran, a wo ìdíje tí ọmọ mi kò sí nínú rẹ̀. Ọmọ Udine kan ló gbapò kìíní.

"Wò ó bó ṣe ń ju apá bí ẹni tó ń lé eṣinṣin," màmá tíṣà wí. "Òmùgọ̀ ni ẹ́. Kí ló dé tí o ò kọ nessuno?"

Ọmọ mi ò gbójú kúrò ní pápá. "Ẹ kì í ṣe nessuno, mà," ó wí, ní Yorùbá, pẹ̀lú "ẹ."

Ẹgbẹ́ náà ṣì wà, wọ́n ṣì ń jẹun ọ̀sán wọn, n kò sì rí ìdí tí mo fi máa bọ̀wọ̀ fún wọn títí mo fi máa kú. Ṣùgbọ́n irọ́ ni màá pa bí mo bá da gbogbo ẹ̀gàn náà sí ọ̀dọ̀ wọn. Àpọ́nlé tí mo rò pé ó ti sọnù lẹ́nu ọmọ mi, ọmọ náà ló dì í mú lọ́jọ́ yẹn. Èmi tí mo ń fi àpọ́nlé yangàn ni mo fẹ́ fi í ṣe pàṣípààrọ̀ eré ìṣẹ́jú kan.