Ojúlé Ìràwọ̀, Ìwé Tí A Fọwọ́ Tẹ̀ ní Festac

Òórùn íǹkì ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ọlọ́wọ́ kì í tètè kúrò lára èèyàn. Bí mo bá fi ọṣẹ fọwọ́ ní Sátidé, tí mo tún fi kẹrosíìnì nù ún, yóò ṣì wà lábẹ́ èékánná mi ní ọjọ́ Ajé, olùkọ́ wa yóò sì máa wò mí bí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ mẹkáníìkì lẹ́yìn ilé ìwé. Kò dùn mí rárá. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mí lọ́dún náà, mo ti di olóòtú àgbà, inú mi sì ń dùn pé àmì iṣẹ́ náà hàn lára mi.

Festac ní Èkó la ń gbé nígbà náà, nínú fúláàtì tí ìjọba fún bàbá mi nítorí pé òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni wọ́n. Kò sí íńtánẹ́ẹ̀tì, kò sí fóònù alágbèéká. Bí o bá fẹ́ bá ọ̀rẹ́ rẹ sọ̀rọ̀, wàá lọ dúró sísàlẹ̀ ilé wọn, wàá máa pariwo orúkọ rẹ̀ títí ẹnì kan yóò fi yọjú lójú fèrèsé. Nínú kílóòsì, òpópónà kékeré tó tẹ̀ lé tiwa, ni ọ̀rẹ́ mi ń gbé, lọ́dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀, obìnrin kan tí òun náà ń ṣiṣẹ́ ìjọba. Ìyá ọ̀rẹ́ mi ti kú kó tó di pé ó wá sí àdúgbò wa. Gbogbo wa la mọ̀, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́.

Ìtàn òfuurufú ló so wá pọ̀. Bàbá kan wà lọ́jà Agboju tó ń ta ìwé àlòkù. Ọ̀dọ̀ wọn la ti ń ra àwọn ìwé àtìgbàdégbà tó ti òkè òkun wá, tí àwòrán ọkọ̀ tó ń fò láàárín ìràwọ̀ wà lára èèpo wọn. Ojú ìwé ìgbẹ̀yìn ti já kúrò nínú èyí tó pọ̀ jù, tó fi jẹ́ pé àwa fúnra wa la máa ń jókòó parí ìtàn náà lẹ́nu. Lọ́jọ́ kan, a rí ọ̀kan tó pé. Lẹ́tà àwọn òǹkàwé ló wà lẹ́yìn rẹ̀, àwọn èèyàn tí wọ́n ń bá ara wọn jiyàn lórí bóyá èèyàn lè gbé inú òṣùpá, tí wọ́n sì ń sọ nípa ìwé kékeré tí kálukú wọn ń fọwọ́ ṣe nílé, tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí ara wọn nínú àpòòwé. Ọ̀rẹ́ mi ka ojú ìwé yẹn lẹ́ẹ̀mejì.

Ó ní, "Kí ni wọ́n fi jù wá lọ?"

Bí ìwé wa, Ojúlé Ìràwọ̀, ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ní àkọ́kọ́, a ki bébà kábọ̀n sáàárín bébà, a fi bírò tẹ̀ ẹ́ dáadáa, ẹ̀dà mẹ́rin ló jáde, ìkẹrin sì ṣá débi pé ẹni tó fẹ́ràn wa nìkan ló lè kà á. Gẹ̀ẹ́sì la fi ń kọ ọ́, nítorí a rò pé òun ni èdè tí wọ́n ń sọ lókè lọ́hùn-ún, àmọ́ bí inú bá ti bí àwọn èèyàn inú ìtàn wa, Yorùbá ni wọ́n ń sọ. Mo kọ orúkọ mi síwájú ìwé náà, mo kọ "Olóòtú Àgbà" sábẹ́ rẹ̀, ní lẹ́tà tó tóbi ju orúkọ ìwé fúnra rẹ̀ lọ. Ọ̀rẹ́ mi wò ó, ó sì padà sídìí ìtàn tó ń kọ. Òun ló ń kọ ìtàn tó dáa jù, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Akọ̀wé ìjọ wa, tí gbogbo wa ń pè ní Àǹtí, ló sọ iṣẹ́ náà di ńlá. Ọ́fíìsì ìjọ ní taipuráítà kan àti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ ìwé ètò ìsìn. Wàá tẹ ọ̀rọ̀ sára bébà fẹ́lẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní sítẹ́ńsìlì, lẹ́tà yóò dá ihò sí i lára, wàá so ó mọ́ ẹ̀rọ, wàá máa fọwọ́ yí i, íǹkì yóò sì gba inú ihò náà jáde sórí ìwé. A lọ bá wọn, a sì ṣàlàyé ohun tí a fẹ́.

"Ṣé kò sí ẹ̀mí àìmọ́ nínú ohun tí ẹ ń kọ yìí?" Àǹtí bi wá.

"Rárá, mà. Ìràwọ̀ ni."

Wọ́n ka ojú ìwé méjì, wọ́n tún ka ìkẹta. "Ọlọ́run ló dá ìràwọ̀," wọ́n ní. "Ẹ máa bọ̀ ní Sátidé, tí mo bá ti ṣe ti ìjọ tán. Kí ẹ mú bébà tiyín wá o."

Ọgbọ̀n ẹ̀dà la tẹ̀. A pín in fún àwọn ẹlẹgbẹ́ wa nílé ìwé àti nínú ẹgbẹ́ akọrin, ọ̀gbẹ́ni kan tó ní ṣọ́ọ̀bù oògùn ní Apple Junction gba ọ̀kan, bàbá olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì ní kílóòsì wa náà gba tiwọn, wọ́n sì dá a padà fún wa lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú bírò pupa lára gbogbo àṣìṣe wa. Inú wa dùn. Bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà, àmọ́ àwa rò pé a ti ní méjèèjì.

Ìgbà tí a fẹ́ tẹ ìwé kejì ni ọ̀rọ̀ dé. Ọ̀rẹ́ mi kọ ìtàn ọmọbìnrin kan tó bá ọkọ̀ òfuurufú lọ. Oṣù mẹ́fà péré ló lò lọ́hùn-ún, àmọ́ nítorí bí ọkọ̀ náà ṣe ń sáré tó, ogójì ọdún ti kọjá nílé. Nígbà tó padà dé, àjèjì ló ṣílẹ̀kùn fún un. Ìyá rẹ̀ ti kú tipẹ́. Ọmọbìnrin náà dúpẹ́ lọ́wọ́ àjèjì, ó sì yí padà sójú títì. Ibẹ̀ ni ìtàn náà parí sí.

Èmi ni mo ń tẹ̀ ẹ́, mo sì sunkún lórí taipuráítà. Mo ní ìtàn yìí ti le jù, àwọn òǹkàwé kò ní gbádùn rẹ̀. Ibà dá ọ̀rẹ́ mi dùbúlẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn, mo sì fi ìyẹn ṣe àwáwí pé mi ò rí i bi. Ká sọ òótọ́, mi ò wá a; ilé wọn kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Mo kọ ìparí mìíràn sí i: ìyá ṣílẹ̀kùn, orí rẹ̀ ti funfun báláú, wọ́n dì mọ́ra wọn, ọbẹ̀ sì ń hó lórí iná. Mo rò pé ẹ̀bùn ni mo fún un. Kí ara rẹ̀ tó yá, mo ti tẹ ọgbọ̀n ẹ̀dà, mo ti pín wọn, mo wá mú tirẹ̀ lọ fún un tayọ̀tayọ̀.

Ẹnu ọ̀nà ló ti kà á.

"Ta ló kọ èyí?"

"Èmi ni. Mo kàn fẹ́ kó dùn ni."

Kò gbóhùn sókè nígbà tó sọ̀rọ̀. "Ìyá tèmi ò ṣílẹ̀kùn fún mi. Ta ló ní kó o bá mi ṣí i?"

Ó wọlé lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi ń lọ pariwo orúkọ rẹ̀ nísàlẹ̀ ilé wọn, àbúrò ìyá rẹ̀ ló sì máa ń yọjú láti sọ pé ó ń sùn. Mo pinnu pé màá gba gbogbo ìwé náà padà, màá dáná sun ún. Ọ̀dọ̀ bàbá olùkọ́ ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní kí n jókòó, kí n ṣàlàyé, mo sì sọ gbogbo rẹ̀.

"Ẹyin lohùn," wọ́n ní. "Bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Tó o bá tiẹ̀ gbà á padà, ṣé wàá gbà á kúrò lórí ẹni tó ti kà á? Lọ tẹ ìparí tí ọmọ yẹn kọ, kó o sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìwọ lo yí i."

Apá ìkẹyìn yẹn ló ṣòro fún mi. Olóòtú àgbà, kí n wá jẹ́wọ́ níwájú ọgbọ̀n èèyàn. Mo lọ bá Àǹtí kí wọ́n bá mi tẹ̀ ẹ́, wọ́n ní, "Mi ò ní bá ọ tẹ̀ ẹ́. Àga rèé, jókòó." Mo tẹ ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ mi bó ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀ pé olóòtú ló yí ìparí ìtàn yìí láìgba àṣẹ, pé èyí ni ohun tí ẹni tó ni ín kọ. Mo wá ń mú un kiri láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan sí ìkejì. Ọ̀gbẹ́ni Apple Junction kà á tán, wọ́n ní ìparí tèmi ló wu àwọn jù. Inú mi dùn fún bí ìṣẹ́jú kan, kí ojú tó wá tì mí.

Èyí tó kẹ́yìn ni mo mú lọ fún ọ̀rẹ́ mi. Òun fúnra rẹ̀ ló jáde lọ́jọ́ náà. Ó dúró kà á, ó kà á dé ìsàlẹ̀, ó tún padà sókè.

"O tẹ ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀mejì níbí," ó ní. "Mélòó lo ti pín?"

"Gbogbo ẹ̀."

"Jẹ́ kí n mú bírò."

A jọ lọ yí gbogbo ilé náà ká, Festac títí dé Agboju, ó ń fa igi lé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn nínú ìwé kọ̀ọ̀kan, èmi sì dúró tì í. A ò sọ nǹkan míì nípa rẹ̀. Nígbà tí a fi máa délé, ó ti ń sọ ìtàn tó fẹ́ kọ tẹ̀ lé e fún mi.

Ẹ̀ẹ̀mẹta péré la tún tẹ ìwé náà jáde. Ìjọba ń kó àwọn iléeṣẹ́ rẹ̀ lọ sí Àbújá, wọ́n gbé àbúrò ìyá rẹ̀ lọ, òun náà sì bá wọn lọ. Lẹ́tà ń lọ, lẹ́tà ń bọ̀ fún ọdún díẹ̀, ó wá ṣọ́wọ́n, kí fóònù tó dé tún so wá pọ̀. Nítòsí Festac, ní Amuwo-Odofin, ni mo ṣì ń gbé. Ọmọ mi obìnrin ń kọ ìtàn tirẹ̀ sórí fóònù, àwọn tí kò mọ̀ rí á sì ti fèsì láti ìlú òkèèrè kí ìrẹsì tó jinná. Mi ò bínú sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo máa ń wo èékánná rẹ̀ tó mọ́ tónítóní, tí àánú rẹ̀ á ṣe mí díẹ̀.

Ìyá mi kú lọ́dún tó kọjá. Àwọn èèyàn wá, wọ́n sọ ọ̀rọ̀ ìtùnú, wọ́n ní àgbà ni, wọ́n ní ibi tó dára ni ìyá mi lọ, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ọ̀rẹ́ mi ti Àbújá wá. Ó jókòó tì mí láti àárọ̀ títí àwọn àlejò fi lọ tán lọ́sàn-án, ó wá ní kí n sọ fún òun bí ìyá mi ṣe kú, láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo sọ ọ́ títí dé òpin. Kò fi nǹkan kan kún un, kò sì yọ nǹkan kan kúrò.