Ìsó tí Dókítà ń Dúró Dè

Mo bẹ̀rẹ̀ mú àlùmọ́gàjí tó bọ́ lọ́wọ́ mi ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi ní Àpòmù, n kò sì lè nàró mọ́. Láti àárọ̀ ni inú ti ń run mí yí ìdodo ká, mo rò pé ẹ̀wà àná ni. Ṣùgbọ́n ìrora náà ti sọ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ikùn lápá ọ̀tún. Bí mo bá wúkọ́, omi á bọ́ lójú mi. Ẹ̀yin tí irú rẹ̀ bá ń ṣe, ẹ má lo oògùn inú rírun kí ẹ tún lọ sùn. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ.

Ní Ìkirè, dókítà ní àpẹ́ńdíìsì ni: ẹ̀ka ìfun kan tí kò ju ìka ọwọ́ lọ ló wú, tó sì ti bẹ́. Wọ́n là mí, wọ́n gé e kúrò. Lẹ́yìn irú iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀, ìfun a máa sùn. Ìsó ló ń fi hàn pé ó ti jí. Títí dìgbà náà, kò sí oúnjẹ, kò sí omi.

Ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, nítorí náà Alhaja, ìyá rẹ̀, ni wọ́n ń jókòó tì mí. Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Nọ́ọ̀sì á dé: "Bàbá ìkókó, ṣé ẹ ti só?" Màá mi orí. Alhaja á fa tẹ̀súbáà wọn: "Ọlọ́run, jẹ́ kó só." Bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ ti ń rìn nínú mi, èmi ni mo ń fún ìdí mọ́ ọn. Níwájú ìyá ìyàwó? Kí n kúkú kú. Ikùn mi wú, ó le. Dókítà ní bí kò bá sí àyípadà títí di ọjọ́ kejì, àfi kí wọ́n tún un là. Ẹ̀rù bà mí gan-an.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, fíìmù àtijọ́ kan, apanilẹ́rìn-ín, ń lọ lórí tẹlifíṣọ̀n wọ́ọ̀dù. Ilé ìwòsàn ni ìtàn rẹ̀ dá lé. Nígbà tó ń parí lọ, bẹ́ẹ̀dì aláìsàn kan yí jáde lórí táyà, ó ń sáré lọ sísàlẹ̀ òkè. Dókítà ń lé e, nọ́ọ̀sì ń lé dókítà. Dókítà fò mọ́ bẹ́ẹ̀dì, aláìsàn bọ́ sílẹ̀, àwọn méjèèjì pàdé ní ìdí ògiri. Ní ìkẹyìn, dókítà ni wọ́n fi báńdéèjì wé látòkè délẹ̀, aláìsàn wá ń tì í padà wọlé.

Mo fi ìrọ̀rí tẹ ojú abẹ kí ẹ̀rín má baà ya á. Ojú abẹ nìkan ni mo rántí dì mú. Ó sì dún. Gbogbo wọ́ọ̀dù yíjú sí mi. Ojú tì mí débi pé mo fi ìrọ̀rí bo orí.

Alhaja dìde fùú. "Alhamdulillahi! Nọ́ọ̀sì, ẹ wá o! Ọkọ ọmọ mi ti só!" Wọ́n ń sunkún, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń júwe bó ṣe dún fún nọ́ọ̀sì. Ṣíbí omi kan ni wọ́n kọ́kọ́ fún mi. N kò tíì mu ohun tó dùn tó omi yẹn rí.

Mo ti padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó là mí, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ara yìí tí kò mọ ẹni tó ń jẹ́ àna. Bí Alhaja bá wá kí wa báyìí, ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ti ń bọ́ bàtà ni wọ́n ti ń bi mí: "Ọkọ mi, ṣé o ti só lónìí?"

Màá dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Bẹ́ẹ̀ ni, mà."