Dúrọ́ọ̀mù tí Mo Tì Pa ní Ọ̀kà

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fara balẹ̀ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi ní Ọ̀kà, nítorí èmi fúnra mi ò tíì fara balẹ̀ láti ọjọ́ náà.

Ìkàrẹ́ ni mò ń gbé. Iṣẹ́ mi ni kí n máa yẹ omi abẹ́ ilẹ̀ wò nínú ọgbà ilé iṣẹ́ kan tó ti kógbá sílé ní Ọ̀kà. Wọ́n máa ń rẹ òpó iná onígi sínú kẹ́míkà níbẹ̀ láyé ọjọ́un, kí ikán má baà jẹ ẹ́. Ilé iṣẹ́ lọ, kẹ́míkà ò lọ, ó ti wọnú ilẹ̀. Kànga tín-ín-rín mẹ́rin ni wọ́n gbẹ́ síbẹ̀. Lóṣooṣù ni mo máa ń bu omi wọn sínú ìgò lọ fún àyẹ̀wò.

Ṣùgbọ́n kí n tó bu èyí tí wọ́n máa yẹ̀ wò, mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fa èyí tó ti dúró pẹ́ nínú páìpù jáde. A kì í dà á sílẹ̀ o! Inú dúrọ́ọ̀mù ńlá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri là ń dà á sí títí ọkọ̀ á fi wá kó o. Mo fi ṣéènì àti kọ́kọ́rọ́ ti ìdérí rẹ̀. Mo kọ "DANGER" sí i lára gàdàgbà. Ṣé ẹ rí i pé mo gbọ́n?

Gbọ́n kẹ̀! Nínú ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, mo débẹ̀, mo gbá dúrọ́ọ̀mù, ó dún bí agbè òfìfo. Kọ́kọ́rọ́ wà níbẹ̀ digbí. Ẹnu ẹ̀rọ kékeré tó wà nísàlẹ̀ dúrọ́ọ̀mù ni mo gbàgbé láti tì! Ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ tutù, ipasẹ̀ sì gba ibi tí ògiri ti wó lọ sí ẹ̀yìn ilé kan. Mo tọ̀ ọ́.

Ìyá arúgbó kan tí mo máa ń kí tí mo bá ń kọjá ni mo bá níbẹ̀, tó ń fi búútà ṣe àlùwàlá. Ìyá Àgbà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Sàlámátù ọmọ-ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́ta, jókòó tì í, ó ń mu ẹ̀kọ. Mo kúnlẹ̀ kí Ìyá, mo béèrè ibi tí wọ́n ti rí omi. Kò fi bò rárá. Ó ní kànga àwọn ti gbẹ láti ọjọ́ mẹ́rin, pé òun ń ṣàdúà fún ẹni tó ń gbé omi sínú dúrọ́ọ̀mù yẹn.

Mo já ife gbà lọ́wọ́ ọmọ, ó bú sẹ́kún. Mo ní omi náà ò dáa. Ìyá Àgbà ní:

"Ọmọ mi, ta ní í fi kọ́kọ́rọ́ ti nǹkan tí kò dáa? Nígbà tí a rí i pé o tì í, la fi mọ̀ pé omi gidi ni."

Ìyá Àgbà ń ka Lárúbáwá dáadáa, ṣùgbọ́n kò lè ka Gẹ̀ẹ́sì tí mo kọ sára dúrọ́ọ̀mù. Ọ̀pọ̀ oṣù ni mo ti ń kọjá níwájú ilé rẹ̀, "Ẹ kú ilé o" lásán ni. Mi ò sọ ohun tí mo wá ṣe fún un rí. Ojú tì mí.

Ọ̀kadà kan náà ló gbé àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dé ọsibítù ní Ìkàrẹ́. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n ní ká máa retí èsì. Èmi tí mo máa ń retí èsì omi lóṣooṣù láìmikàn! Láràárọ̀ ni mo ń sáré lọ sí Ọ̀kà: ṣé ọmọ ń ṣeré? Ṣé ó bì? Ìyá Àgbà ló tún wá ń rẹ̀ mí lẹ́kún.

Èsì dé. Ara Ìyá Àgbà mọ́. Dókítà ní díẹ̀ nínú kẹ́míkà náà ti wọ ara Sàlámátù, pé a tètè dá a dúró, ṣùgbọ́n kí á máa gbé e wá fún àyẹ̀wò lóṣooṣù. Lóṣooṣù, bíi ti kànga mi. Tí wọ́n bá ti ń fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sínú ìgò, mi ò lè wò ó.

Mo ti dí ẹnu ẹ̀rọ yẹn. Áfáà ti kéde lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Ìyá Àgbà fúnra rẹ̀ ló fi Lárúbáwá kọ "májèlé" sára dúrọ́ọ̀mù.

Ẹ̀kọ́ tèmi rèé: kọ́kọ́rọ́ ò lẹ́nu. Ẹni tó bá ti nǹkan pa, kó ṣàlàyé fún aládùúgbò. Ẹ̀yin náà ńkọ́, kí lẹ mọ̀ tí ẹ ò tíì sọ fún ará ilé kejì? Ẹ kọ tiyín sísàlẹ̀ níbí. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ lọ kan ilẹ̀kùn wọn ná.