Búùjì Tí Ìyàwó Mi Dì Sínú Àpò Irinṣẹ́

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí lọ́jà Sankaryaré á ti máa sọ báyìí pé aláwàdà ti tún dé. Ó dáa, ẹ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe àwàdà. Ojú mi méjèèjì yìí ló rí i, ọ̀sán gangan ni, mi ò sì mu nǹkan kan ju omi lọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fọ́nnu díẹ̀. Nínú gbogbo àwa tí à ń ta páàtì moto ní Ouagadougou, moto là ń pe alùpùpù níbí, kò sẹ́ni tó mọ irinṣẹ́ ojú ọ̀nà yàn bí èmi. Àwọn kan á di irin bí ẹni tó fẹ́ lọ kọ́ afárá. Èmi? Sípánà méjì, èyí tí wọ́n fi ń tú pulọ́ọ̀gì, ẹ̀mú kan, wáyà díẹ̀, àti pulọ́ọ̀gì tuntun. Ó tán.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, wọ́n fẹ́ so yìgì Sàlámátù, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, nílé wọn ní àdúgbò Koulouba. Ẹ̀gbọ́n mi ti kú láti ọdún kẹta, èmi ni mo máa dúró ní ipò bàbá. Àwọn ará ọkọ ti ìlú Bobo wá, wọ́n sì gbọ́dọ̀ padà lọ́jọ́ náà. Bí mi ò bá dé kí ìrun Àlàásárì tó wọlé, yìgì di ọjọ́ mìíràn nìyẹn. Ẹ gbà mí gbọ́, ìyá ọmọ náà ti kìlọ̀ fún mi títí ẹnu fi rẹ̀ ẹ́.

Síbẹ̀ mo ní kí n sáré gbé ẹrù fún oníbàárà kan ní Saaba, lẹ́yìn ìlú. Ojúkòkòrò ni, mo jẹ́wọ́. Mo wà nílé ìwẹ̀ nígbà tí mo pariwo sí ìyàwó mi pé kó bá mi fi búùjì sínú àpò irinṣẹ́. Búùjì là ń pe pulọ́ọ̀gì ní ṣọ́ọ̀bù.

Nígbà tí mò ń padà bọ̀, mo gba ọ̀nà ẹ̀yìn, ọ̀nà eléruku pupa. Ọyẹ́ ń fẹ́ fìlà lórí mi. Kò pẹ́, moto bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́. Ó húkọ́, ó húkọ́, ó kú.

Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rọ yìí ò mọ ẹni tó ń bá ṣeré! Mo tú pulọ́ọ̀gì, ó ti dúdú, epo ti rin ín gbindin. Mo kọwọ́ bọ àpò kí n mú tuntun.

Àbẹ́là ni mo fà jáde. Àbẹ́là funfun méjì àti ìṣáná!

Yéè! Ìyàwó mi ò tíì lo oṣù mẹ́rin tó ti Èjìgbò dé, ọjà ló ti ń kọ́ Faransé. Lọ́dọ̀ àwọn aláàtẹ, àbẹ́là ni búùjì. Ó tilẹ̀ rántí ìṣáná, Ọlọ́run bù kún un. Mo rẹ́rìn-ín títí, lẹ́yìn náà mo rántí Àlàásárì. Fóònù ò rí nẹ́tíwọọ̀kì. Kò sẹ́nì kan lójú ọ̀nà.

Ìgbà tí mo gbójú sókè, ọkùnrin kan lóṣòó níwájú moto. Ó fi láwàní we ojú nítorí eruku, bí gbogbo ayé ti ń ṣe lásìkò ọyẹ́. Mo kí i ní Mòóré, èdè wọn níbí. Yorùbá ló fi dá mi lóhùn, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ.

"Tan án."

"Kí ni, bàbá?"

"Àbẹ́là yẹn. Tan án."

Mo tan án. Ó ti pulọ́ọ̀gì bọ iná, ó ń yí i, epo ń jó kúrò lára rẹ̀. Ọgbọ́n àwọn mẹkáníìkì àtijọ́ ni, mo ti gbàgbé rẹ̀ pátápátá. Inú mi dùn, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó.

Àfi bí mo ṣe kíyè sí i. Afẹ́fẹ́ ń gbọn igi dongoyaro lórí wa jìgìjìgì. Iná àbẹ́là dúró ṣinṣin, kò mì. Irin sì ń rú èéfín, ọwọ́ lásán ló fi dì í mú.

Mo sún sẹ́yìn díẹ̀.

Ó dá pulọ́ọ̀gì padà, ó ní kí n fẹsẹ̀ ta moto. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni moto jí. "Barka," mo wí, mo fi Mòóré dúpẹ́.

"Yára. Wọ́n ń dúró dè ọ́. Lọ so yìgì ọmọ wa."

Mo ti gùn ún jìnnà díẹ̀ kí ọ̀rọ̀ náà tó yé mi. Mi ò sọ ọ̀rọ̀ yìgì fún un rárá! Mo bojú wẹ̀yìn. Igi nìkan ló dúró níbẹ̀.

Wọ́n ti fẹ́ máa ká ẹní nígbà tí mo dé Koulouba. Ìyá Sàlámátù wò mí bí ẹni tó máa gbá mi létí. Mo jókòó, òógùn bò mí. Àlùfáà béèrè pé ṣé bàbá ọmọ yọ̀ǹda. Mo ti há a sórí tẹ́lẹ̀ pé bàbá rẹ̀ ti kú, èmi ni mo rọ́pò rẹ̀. Ohun tó bọ́ lẹ́nu mi ni:

"Ó yọ̀ǹda. Ó ní ká yára."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní aláwàdà ti dé. Ìyá Sàlámátù nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn tí wọ́n ṣàdúà tán, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sọ sí mi létí pé, "Ọkọ mi, ṣé ara rẹ̀ le?"

Mo ní ó le. A jọ sunkún, a tún jọ rẹ́rìn-ín.

Mi ò ní búra pé ẹ̀gbọ́n mi ni, mi ò sì ní búra pé òun kọ́. Mi ò rí ojú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: bí ẹni tí ẹ ò mọ̀ bá bá yín tún moto ṣe lójú ọ̀nà, ẹ dúpẹ́, kí ẹ máa lọ. Ẹ má bi í pé ta ni. Ó lè dá yín lóhùn.