Bí Wọ́n Ṣe Lé Mi Kúrò Nínú Ìwádìí Oúnjẹ àti Ẹ̀jẹ̀ ní Ìkòròdú

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn bí wọ́n ṣe lé mi kúrò nídìí oúnjẹ ọ̀fẹ́, tí lílé náà sì ṣe mí láǹfààní!

Káfíńtà ni mí ní Itamaga. Mi ò sanra, mi ò mu sìgá, èmi nìkan ló máa ń dá gbé ilẹ̀kùn jáde nínú ṣọ́ọ̀bù. Ta ló fẹ́ sọ fún mi pé ara mi ò le?

Ìyàwó mi, Bùnmi, ló gbọ́ pé àwọn olùwádìí kan láti yunifásítì ti rí gíráǹtì, ìyẹn owó ìwádìí, gbà. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ èèyàn máa yí padà tó bá dín iyọ̀ àti òróró kù fún oṣù mẹ́ta, tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ẹ̀wà àti ẹja dáadáa, kí àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ lè jìnnà sí i. Àwọn fúnra wọn ló máa se oúnjẹ náà. Wọ́n á kàn máa gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lápá.

Mo ní ẹ̀jẹ̀ kẹ̀? Ẹ̀jẹ̀ tèmi? Mo sọ fún un pé wọ́n fẹ́ lọ tà á ni. Bùnmi bi mí pé ta ló fẹ́ ra ẹ̀jẹ̀ tó ti kún fún òórùn fáníìṣì. Ó wá fi kún un pé tàárọ̀ tọ̀sán ni oúnjẹ náà o. Ẹ má purọ́ fún mi, ta ló máa kọ irú ẹ̀?

Nígbà tá a débẹ̀ láàárọ̀ Mọ́ńdè, nọ́ọ̀sì we ẹ̀rọ BP tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mọ́ mi lápá. Ó wò ó. Ó tún un wọ̀n. Ó ní kí n jókòó jẹ́ẹ́, kí n má sọ̀rọ̀, ó wá wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kẹta. Lẹ́yìn náà ló lọ pe dókítà, obìnrin kan tí mo jù lọ́jọ́ orí dáadáa.

Dókítà bi mí bóyá orí ń fọ́ mi, bóyá ojú mi ń ṣe bàìbàì. Mo ní rárá, ebi nìkan ló ń pa mí!

Kò rẹ́rìn-ín. "Dádì, BP yín ti ga jù. A ò lè fi yín sínú ìwádìí yìí. Oògùn lẹ nílò, lónìí yìí."

"Ṣé kì í ṣe pé ẹ̀rọ yẹn ti bàjẹ́?"

Ó ní kí wọ́n wọn ti Bùnmi. Ẹ̀rọ kan náà ni wọ́n lò, tiẹ̀ sì dáa bó ṣe yẹ.

Dókítà wá bèèrè bóyá ẹnì kan nínú ìdílé wa ti ní rọpárọsẹ̀ rí. Mo rántí bàbá wa, bó ṣe ń tún àwọ̀n ẹja ṣe lójúde wa ní Ẹ̀pẹ́ lọ́jọ́ kan, tó kàn ṣubú, tí ẹnu rẹ̀ wọ́ sápá kan. Kò dìde mọ́. Ṣé ohun tó wà lára mi náà nìyẹn?

Wọ́n kọ ìwé lé mi lọ́wọ́, ọjọ́ yẹn náà ni mo dé ọsibítù ìjọba. Wọ́n fún mi lóògùn, wọ́n sì ní kí èmi náà dín iyọ̀ kù. Bùnmi ní tiẹ̀ wà nínú ìwádìí, ó ń gbé kúlà oúnjẹ wálé lójoojúmọ́.

Oúnjẹ ta ló ń wò mí lójú yẹn? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá a jẹ ẹ́! Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, nọ́ọ̀sì bi Bùnmi ìdí tó fi ń rù. Aya mi ò mọ irọ́ pa. Ó ní, "Ọkọ mi tẹ́ ẹ lé ló ń jẹ ìdajì." Ojú tì mí! Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé wọn bó ṣe rí, wọ́n ní òótọ́ làwọn ń wá. Alásè wọn wá kọ́ mi bí irú àti ata ṣe máa ń jẹ́ kí ọbẹ̀ dùn láìsí iyọ̀ púpọ̀. Èmi náà wá di alásè nílé.

Àmọ́ ọkàn mi wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Àǹtí Mọ́rúfá, tó wà nílé bàbá wa ní Ẹ̀pẹ́. Mo ra ẹ̀rọ BP, mo gbọ̀nà Ẹ̀pẹ́ lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi gbà pé aládùúgbò wa, Bàbá Kàmọ́rù, ló fi oògùn burúkú ṣe bàbá wa torí ọ̀rọ̀ ààlà ilẹ̀. Kò kí Bàbá Kàmọ́rù mọ́ láti ọjọ́ ìsìnkú bàbá wa.

Bó ṣe rí ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ mi, ó ní, "Ràsákì, o ti di nọ́ọ̀sì? Ohun tí wọ́n fi ṣe Bàbá, ṣé rọ́bà lo fẹ́ fi wọ̀n ọ́n?"

Mo dọ̀bálẹ̀. "Àǹtí, wọ́n ti rí i lára mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé apá wá."

Ó pẹ́ kó tó na apá. BP tiẹ̀ ga ju tèmi lọ! Ó tẹjú mọ́ ẹ̀rọ náà. Ó ní, "Èmi àti Bàbá Kàmọ́rù ò jà nítorí ilẹ̀ o. Kí ló fẹ́ tìtorí ẹ̀ ṣe mí?"

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, èmi ni mo sìn ín lọ sí ọsibítù. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ló pè mí pé BP òun ti wálẹ̀. Ó tún sọ, pẹ̀lú ohùn tó lọ sílẹ̀, pé òun ti gbé àwo ẹja lọ kí Bàbá Kàmọ́rù. Bàbá arúgbó náà sunkún, ó ní òun ti rò pé òun máa kú pẹ̀lú orúkọ apààyàn yẹn lọ́rùn.

Ẹ gbọ́ o, gbogbo ara tí ò dunni kọ́ ló dáa. Ìgbà wo lẹ wọn BP yín kẹ́yìn? Ẹ lọ wọ̀n ọ́n, kẹ́ ẹ wá sọ fún wa nísàlẹ̀ ibí. Tó bá sì jẹ́ pé àìsàn ti mú kí ìdílé yín náà fẹ̀sùn kan aláìṣẹ̀ rí, ẹ má tijú, ẹ sọ ọ́. Àwa ti sọ tiwa.